Lábẹ́ Ìjókòó Bàbá Àdùkẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ mí lọ́nà Tatonnonkon yóò sọ fún yín pé n kì í sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni. Mo lè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí n má sọ ju "ẹ kú iṣẹ́" àti "ó dàárọ̀" lọ. Ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo la ẹnu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, irọ́ ló jáde níbẹ̀, irọ́ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba obìnrin tí mo fẹ́ràn lọ́wọ́ mi.

Rogatien ni orúkọ mi. Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Ìwé mẹ́rin ni mo kà kí n tó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ẹbu epo Ìyá Ìyábùnmi ni mo ti ń ṣiṣẹ́: èmi ni mò ń dáná sábẹ́ àwọn ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se ẹyìn. Ìyàwó mi ti kú láti ọdún méje, Murielle ọmọ mi sì ti wà nílé ọkọ ní Pobè.

Àdùkẹ́ ni mo fẹ́ fẹ́. Opó ni òun náà, ó ń ta gaàrí lọ́jà Adja-Ouèrè. A ti bá ara wa sọ ọ́, ó ti gbà. Ẹnì kan ló kù, bàbá rẹ̀.

Bàbá Ògúnkọ̀yà lo ọdún méjìdínlógójì ní Faransé. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tó ti gbó bíi tirẹ̀ wálé. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ kí i nítorí ọmọ rẹ̀, ọwọ́ mi ló ń wò.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Mò ń dáná ní ẹbu, Bàbá."

"Iná? Ìyá mi náà dáná títí ó fi kú. Mo ní iṣẹ́ ọwọ́ wo lo mọ̀?"

Mo fi ọwọ́ mi pamọ́ sẹ́yìn. Ó mi orí, ó ní kí n kí ará ilé.

Ọyẹ́ wá dé. Ètè gbogbo ayé là, awọ ẹsẹ̀ wa funfun bí eérú. Bàbá Ògúnkọ̀yà, tó ti rìn nínú yìnyín fún ọdún méjìdínlógójì, òun gan-an ni òtútù mú jù ní gbogbo Adja-Ouèrè. Ó wọ ẹ̀wù òtútù méjì lé ara wọn, ó fi fìlà onírun bo etí, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ sínú sálúbàtà. Kò lè lọ sí Mísà òwúrọ̀ mọ́, ohun tó dùn ún jù nìyẹn.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo gbé epo lọ fún un. Ó fà mí lọ sídìí ọkọ̀ náà.

"Rogatien, wá wo nǹkan. Ní Faransé, bí yìnyín bá bo ilẹ̀, ṣofáàsì ọkọ̀ yìí ni mo máa ń tàn. Kí n tó rìn jìnnà, atẹ́gùn gbígbóná á ti máa fẹ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Fi ọwọ́ síbẹ̀ nísinsìnyí!"

Mo fi ọwọ́ sí ojú ihò tí atẹ́gùn ti ń jáde. Ó tutù bí omi àmù.

"Ó mà dára o, Bàbá," ni mo wí. Mo rò pé ó ń fi yangàn ni. Àwọn olówó ìlú wa ń wá atẹ́gùn tútù sínú ọkọ̀ wọn, wọn kò rí i.

"Kí ló dára níbẹ̀? Òtútù fẹ́ pa mí, o ní ó dára!"

Àdùkẹ́, tó ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń mì.

Bàbá ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ gbàù. "Ẹni tó bá mú kí ọkọ̀ yìí fẹ́ ooru sí mi, ẹni yẹn ló ní iṣẹ́ ọwọ́. Màá jókòó, màá gbọ́ ohunkóhun tó bá fẹ́ sọ fún mi."

Kò wojú mi. Àdùkẹ́ ló wojú mi.

"Mo lè tún un ṣe," ni mo gbọ́ tí ẹnì kan wí. Èmi ni.

"Ìwọ?"

"Mo ti ṣiṣẹ́ mẹkaníìkì rí, Bàbá. Ní Kútọnu."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tó wà níbẹ̀ fún yín. Mo gbé lọ́dọ̀ mẹkaníìkì kan ní Kútọnu fún oṣù mẹ́ta. Ọkọ̀ ni mò ń fọ̀. Ara ọkọ̀ níta nìkan.

Ṣùgbọ́n Àdùkẹ́ ti dìde, ọ̀bẹ ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. "Bàbá Murielle! Ẹ kò sọ fún mi rí!" Ojú rẹ̀ ń dán. Ta ló máa rí ojú bẹ́ẹ̀ tó máa ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀?

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé irinṣẹ́ tí mo yá dé. Mo ṣí kàpó, bí a ṣe ń pe ìdérí iwájú ọkọ̀. Mo wo ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì náà wò mí. Mo fi irin kan ìyẹn, mo fi irin kan èyí.

"Kí lo rí?" Bàbá na ọrùn láti inú fìlà rẹ̀.

"Ó ti rẹ̀ ẹ́, Bàbá. Ọ̀nà jíjìn ni."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀!"

Mo wá bọ́ sínú ọkọ̀. Mo rí bọ́tìnnì kan tí wọ́n ń yí: búlúù lápá kan, pupa lápá kejì. Mo ní kò lè jù báyìí lọ. Ó ti wà lójú pupa tẹ́lẹ̀, mo tún fi tipátipá yí i sí i. Ó dún kà! Ó bọ́ sí mi lọ́wọ́ bí eyín ọmọdé. Mo bojú wẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó rí mi. Mo fi ọṣẹ díẹ̀ lẹ̀ ẹ́ padà.

"Ó di òwúrọ̀ ọ̀la," ni mo wí fún Bàbá. "Ooru á dé lọ́la."

Ọ̀dọ̀ Mùnírù ni mo sáré gbà. Òun ni ojúlówó mẹkaníìkì ìlú wa. Bàṣírátù, ìyàwó rẹ̀, tó ń dín àkàrà níwájú gáráàjì, ní ó ti lọ síbi òkú ní Kétou, ó di ọjọ́ mẹ́rin. Ọjọ́ mẹ́rin! Mo sì ti sọ pé lọ́la.

Bí mo ṣe jókòó síwájú iná mi ní ẹbu nìyẹn, mo di orí mú. Ibẹ̀ ni ojú mi ti bọ́ sára àwọn òkúta ààrò. Ẹni tó ń dáná mọ ohun kan dájú: bí òkúta ààrò bá gbóná, kì í tètè tutù.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo ti gbé òkúta kékeré mẹ́ta tó gbóná sínú garawa eérú. Mo gun zẹ́mì, ọ̀kadà ìlú wa, mo gbé garawa sáàárín èmi àti ẹni tó ń gùn ún.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń jó mi nídìí báyìí?"

"Irinṣẹ́ ni. Máa lọ."

"Irinṣẹ́ wo ló ń ṣàárẹ̀ ibà?"

Nígbà tí mo dé, mo ní mo fẹ́ jí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Bàbá lójú oorun, wọn kò sì gbọ́dọ̀ wò mí. Mo fi aṣọ pupa tí mo ya lára kọ́tìnnì àtijọ́ kan ní ẹbu wé òkúta kọ̀ọ̀kan, mo fi okùn dì í, mo tì wọ́n sábẹ́ ìjókòó ẹni tó ń wa ọkọ̀. Mo ti ilẹ̀kùn pa kí ooru má baà jáde.

Bàbá wọlé, ó jókòó, ó tan ọkọ̀. Ó sún ìdí lẹ́ẹ̀kan. Mo rò pé ayé mi ti parí.

"Rogatien!"

"Bàbá?"

"Ó ń gbóná! Ó ń gbóná o! Ṣùgbọ́n kí ló dé tó jẹ́ ìdí mi ló ti ń bọ̀? Ní Faransé, ẹsẹ̀ ló ti máa ń bọ̀."

"Ọ̀nà tuntun ni, Bàbá. Ìdí ló ń gbà báyìí."

"Ìdí ló dára jù!" Ó ju fìlà onírun sẹ́yìn ọkọ̀, ó wa ọkọ̀ lọ sí Mísà, ó ń fun fèrè lójú ọ̀nà bí ẹni tó ń gbé ìyàwó.

Àwọn òwúrọ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀yin èèyàn mi, bí mo bá ní n kò gbádùn wọn, irọ́ mìíràn ni. Bàbá sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé mẹkaníìkì Kútọnu lòun rí. Wọ́n ń pè mí ní Pàtírọ́ọ̀nù, ìyẹn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́. Àdùkẹ́ fúnra rẹ̀ ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà Bàṣírátù wá fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, á sì jókòó tì mí.

"Bàbá Murielle, ẹ tún sọ ti Kútọnu yẹn fún mi."

Èmi tí n kì í sọ̀rọ̀! Mo sọ ti Kútọnu títí àkàrà fi tán. Mo sọ ti ọkọ̀ tó kú tí mo jí dìde, mo sọ ti ọ̀gá ọlọ́pàá tó bẹ̀ mí lọ́wẹ̀. Ẹ̀rín rẹ̀ ló ń fún mi ní ọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Mùnírù dé. Ó rí mi lójú ọ̀nà pẹ̀lú garawa mi.

"Roga! Wàláhì, wọ́n ní ìwọ náà ti di mẹkaníìkì! Ṣofáàsì ọkọ̀ Bàbá Faransé, ìwọ lo tún un ṣe? Báwo lo ṣe ṣe é?"

Àyè ìjẹ́wọ́ nìyẹn. Mùnírù á bá mi tún un ṣe láàárín wákàtí méjì, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Pàtírọ́ọ̀nù ti dùn mọ́ mi létí.

"Àṣírí iṣẹ́ ni," ni mo wí, mo sì kọjá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, Bàbá pè mí. "Ọjọ́ Àìkú, a ń lọ sí Oko-Akarè. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Oyèkẹ́mi, òun ni olórí ilé wa. Màá fi ọ́ hàn án pé o fẹ́ fẹ́ Àdùkẹ́, mo sì ti fọwọ́ sí i."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ibi tí mo wà nílẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti rántí pé ọ̀nà Oko-Akarè jìn ju ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Òkúta á tutù kí a tó dé.

Nítorí náà, ní ọjọ́ Àìkú, mo fi wọ́n sínú iná pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí n kò rò ni pé òkúta ẹbu ni wọ́n. Ọdún mélòó ni epo ti ń dà sórí wọn, tó ń wọ inú wọn lọ!

Bàbá ń wakọ̀, Àdùkẹ́ jókòó ti bàbá rẹ̀, ó wọ aṣọ àdìrẹ tuntun. Èmi nìkan ló wà lẹ́yìn. A kò tíì rìn jìnnà tí Bàbá fi fa imú.

"Ta ló ń dín nǹkan?"

"Àwọn ará abúlé ni, Bàbá," ni mo wí.

A rìn díẹ̀ sí i. Kò sí abúlé mọ́, oko lásán ni. "Wọ́n ṣì ń dín in!" Bàbá wí. Ó ń yí ìdí síhìn-ín, ó ń yí i sọ́hùn-ún. "Rogatien, ṣofáàsì rẹ ti le jù! Dín in kù!"

"Ó… ó máa dín ara rẹ̀ kù, Bàbá."

Àdùkẹ́ yíjú wò mí. "Bàbá Murielle, kí ló dé tí ẹ ń làágùn nínú ọyẹ́?"

Bí a ṣe wọ agbo ilé wọn ní Oko-Akarè, èéfín ti ń jáde láàárín ẹsẹ̀ Bàbá. Gbogbo ẹbí ti jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, Ìyá Oyèkẹ́mi láàárín wọn lórí àga, wọ́n ń dúró dè wá. Bàbá tẹ bíréèkì lójijì, ó ṣílẹ̀kùn, ó fò jáde, ó di ìdí mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Mo jóná o!"

Ó ṣeé ṣe kí bíréèkì náà ti tú àwọn òkúta mi sílẹ̀. Ọ̀kan yí jáde. Ìkejì tẹ̀ lé e. Ìkẹta rọra wá, ó yí, ó yí, ó dúró níwájú ẹsẹ̀ Ìyá Oyèkẹ́mi: ó di sínú aṣọ pupa, ó fi okùn so, epo ń kán lára rẹ̀, ó ń rú èéfín.

Gbogbo ilé na ọrùn wò ó.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ohun mẹ́ta tí wọ́n dì sínú aṣọ pupa, lábẹ́ ìjókòó àgbàlagbà tí ẹnì kan ń tọrọ ọmọ rẹ̀. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, kí lẹ máa pè é?

"Oògùn!" ni obìnrin kan pariwo. Àga ṣubú, àwọn ọmọ sá.

"Àbájọ!" ni ẹlòmíràn wí. "Àbájọ tó fi gbà lójijì! Wọ́n ti di àgbàlagbà lójú!"

Àwọn ọkùnrin mẹ́ta ti dìde wá sápá ọ̀dọ̀ mi. Bàbá ń wò mí. Mo wo Àdùkẹ́. Ó ti rìn sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ lé àyà. Ẹ̀rù mi ló ń bà á. Ìyẹn ló dùn mí ju gbogbo ariwo lọ.

Ọ̀nà méjì péré ló wà: kí n jẹ́ olóògùn, tàbí kí n jẹ́ òpùrọ́.

"Irọ́ ni mo pa!" ni mo kígbe. N kò kígbe bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. "N kì í ṣe mẹkaníìkì! Òkúta ààrò ni! Láti ẹbu! Mò ń fi iná mú un gbóná láràárọ̀, mò ń gbé e sábẹ́ Bàbá kí ara wọn lè móoru! Ọkọ̀ ni mò ń fọ̀ ní Kútọnu! Ọkọ̀ ni mò ń fọ̀!"

Ìyá Oyèkẹ́mi bẹ̀rẹ̀ láti orí àga, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tú aṣọ pupa náà. Ó fa imú. Ó tún fa imú.

"Epo pupa ni," ni ìyá àgbà wí. Ó wo àbúrò rẹ̀, tó ṣì di ìdí mú. "Ògúnkọ̀yà! Wọ́n ń dín ọ láti ọjọ́ mélòó, o kò mọ̀?"

"Ọjọ́… ọjọ́ mẹ́fà."

"Ọjọ́ mẹ́fà! O wá ń fi lọ sí Mísà!"

Ẹ̀rín tó bú jáde níbẹ̀, wọ́n á gbọ́ ọ dé Pobè. Àwọn tó fẹ́ lù mí ń di ara wọn mú kí wọ́n má baà ṣubú. Ṣùgbọ́n èèyàn méjì kò rẹ́rìn-ín: Bàbá àti Àdùkẹ́.

Bàbá ní kí n wá nǹkan gùn padà. Àdùkẹ́ tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà.

"Kì í ṣe òkúta ló ń dùn mí," ló wí. "Láràárọ̀ ni mò ń gbé àkàrà fún yín, ẹ ń wo ojú mi, ẹ ń sọ ti ọ̀gá ọlọ́pàá. Ṣé ọ̀gá ọlọ́pàá kankan wà?"

"Kò sí."

"Kí ló wá wà?"

Ó yíjú, ó wọlé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ jí Mùnírù. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. A jọ dé ilé Bàbá. Bàbá ti padà sínú fìlà onírun rẹ̀. Kò lé wa.

"Bàbá, kí Mùnírù tó fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí, nǹkan kan ṣì kù tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀." Mo na ọwọ́ sínú ọkọ̀, mo yọ bọ́tìnnì náà, ọṣẹ ṣì wà ní ìdí rẹ̀. "Èmi ni mo ṣẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi. Ó wò ó pẹ́. Àdùkẹ́ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìdáná, mo mọ̀ pé ó gbọ́.

"Tún un ṣe," ni Bàbá wí fún Mùnírù, láìgbé ojú sókè.

Mùnírù ṣí kàpó, ó tan ọkọ̀, ó ń fi ọwọ́ kan àwọn rọ́bà omi níkọ̀ọ̀kan. "Ẹ wò ó, Bàbá. Omi ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná ni ṣofáàsì ń lò. Rọ́bà méjì ló yẹ kó gbé e wọ inú ọkọ̀. Wọ́n ti gé méjèèjì kúrò, wọ́n so ẹnu wọn pọ̀ síbí, omi kò wọlé rárá. Wọ́n tún ti yọ tẹ̀mósítá, irin róbótó kan tó máa ń di omi mú títí á fi gbóná. Ẹni tó ṣe é mọ iṣẹ́ o, ó dì í dáadáa. Okùn wáyà báyìí, èmi nìkan ló…"

Ó fa ọwọ́ kúrò lára rọ́bà náà.

"Ìwọ nìkan ló kí ni?" Bàbá dìde.

"Bàbá, gbogbo ọkọ̀ tó bá ti òkè òkun dé ni a máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún! Ọjọ́ tó bá dé gan-an! Kí ẹ́ńjìnnì má baà gbóná jù. Ta ló fẹ́ iná nínú ọkọ̀ ní Adja-Ouèrè?"

"Èmi!" Bàbá fi ọ̀pá lu ilẹ̀. "Ìwọ lo fi mí sínú òtútù, ẹni yìí wá fi mí sínú epo!"

Èrò Mùnírù ni pé tẹ̀mósítá náà ṣì wà. Kì í ju wọ́n nù, agolo ló ń kó wọn sí. A tú agolo ká, a kò rí i. Bàṣírátù ló rántí: àwọn tó wúwo jù, òun ń fi wọ́n tẹ etí aṣọ tí òun fi ń bo àkàrà, kí ọyẹ́ má gbé e. Ibẹ̀ ni a ti bá a, ó ń dán fún òróró. Ẹ̀yin ẹ gbọ́: àkàrà tí mo fi ń pa irọ́ fún Àdùkẹ́ láràárọ̀, abẹ́ irin ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti ń wá!

Mùnírù fi í sí àyè rẹ̀, ó tú rọ́bà méjèèjì, ó dá wọn padà, ó bu omi sí i, ó jẹ́ kí atẹ́gùn inú omi náà jáde tán. Èmi ni mò ń di iná tọ́ọ̀ṣì mú fún un. Mo bèèrè gbogbo ohun tó ń ṣe, ó sì ń dá mi lóhùn.

Bàbá wọ inú ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn. A dúró. Ó bọ́ fìlà. Ó bọ́ ẹ̀wù òtútù kan. Ó bọ́ ìkejì. Ó fi orí ti ẹ̀yìn, ó di ojú, òógùn ń ṣàn ní iwájú orí rẹ̀. Kò jáde fún bí ìdajì wákàtí. A rò pé ó ti sùn.

Ó sọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀.

"Rogatien. Ta ló ní kí o sọ ti bọ́tìnnì fún mi?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n sọ ọ́, Bàbá."

"Láràárọ̀ lò ń gbé òkúta láti ẹbu wá?"

"Láràárọ̀, Bàbá."

Ó ṣe háà. "Èmi, ọmọ tí mo bí kò gbé òkúta fún mi rí." Ó wo Àdùkẹ́. "Ọ̀rọ̀ di ọwọ́ rẹ. Èmi ti móoru."

Àdùkẹ́ wọlé, ó gbé ẹ̀kọ jáde, kò gbé àkàrà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi jẹ ẹ̀kọ lásán. Ní ọjọ́ tí àkàrà padà, mẹ́rin ni, n kò bèèrè ìdí.

Àdùkẹ́ bi mí lọ́jọ́ yẹn pé kí ló wà. Èsì rẹ̀ nìyí, mo ti rí i: iná tí mo ń dá ló wà. Bí mo bá sọ fún Bàbá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé n kò mọ ọkọ̀ ṣùgbọ́n mo mọ bí òkúta ṣe ń móoru, bóyá á ti rẹ́rìn-ín, bóyá á sì ti fún mi lọ́mọ. Ẹ má ṣe yá iṣẹ́ ẹlòmíràn wọ̀. Àgàgà bí ẹ kò bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣí kàpó rẹ̀.

A ṣe ìgbéyàwó ní oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn ń jó orí ilẹ̀. Bàbá ní òun fúnra òun ló máa gbé wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bọ́tìnnì tí mo ṣẹ́, kò tíì rí òmíràn rà. Ojú pupa ló wà, ibẹ̀ ló sì máa wà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ jẹ́ kí a ṣí gíláàsì."

"Eruku á ba aṣọ ìyàwó jẹ́. Ṣé ìwọ kọ́ lo ní ooru á dé? Gba ooru."

Kòóòtù mi rin gbindin. Àtíkè ojú Àdùkẹ́ ń ṣàn sí ọrùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi òdòdó ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ ara. Ó tẹ̀ sí etí mi.

"Bàbá Murielle, ẹ sọ òótọ́. Ṣé kò sí nǹkan lábẹ́ wa níbí?"

Mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo abẹ́ ìjókòó dáadáa.

"Kò sí," ni mo wí.